Ẹ̀fúùfù Kò Mọ Ààlà Oko: Eruku àti Iná Lórí Ọ̀dàn Amẹ́ríkà

Ní ọwọ́ ọ̀sán ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2025, lójú ọ̀nà márosẹ̀ ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní I-70, nítòsí ìlú Goodland ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ojú lásán a máa tó ilé ẹni tí ó wà ní ibùsọ̀ mẹ́ta sí ni, ẹ̀fúùfù líle kan fẹ́ gba orí àwọn oko tí kò ní koríko kankan lórí kọjá, ó sì gbé erùpẹ̀ wọn dìde sójú sánmà.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀sán di òru. Awakọ̀ tí ó tẹ bíréèkì kò rí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì rí òun náà. Tírélà kọlu ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọlu tírélà, títí mọ́tò tí ó lé ní 50 fi wọ́ jọ pelemọ sójú kan, tí ẹ̀mí ènìyàn mẹ́jọ sì bá a lọ.

Ní ọjọ́ kan náà, ìjì kan náà ń fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oklahoma tí ó wà ní gúúsù Kansas. Níbẹ̀, kì í ṣe eruku ni wọ́n fi ń rántí ọjọ́ náà, iná ni. Iná tí ó lé ní 130 ni ó ṣẹ́ yọ káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ilé tí ó lé ní 400 ni ó jó tàbí tí ó bàjẹ́; àwọn ará Stillwater, ìlú tí yunifásítì wà, fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí ààrò, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbé ajá, wọ́n sì sá; ilé oko gómìnà ìpínlẹ̀ náà pàápàá di eérú, nítorí iná, a-jó-má-wojú-ẹnikẹ́ni, kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbọ́ ìròyìn méjèèjì tí wọ́n sì kà wọ́n sí àjálù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìtàn ọ̀dàn náà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn yóò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni ìjì eruku àti iná pápá. Ẹ̀fúùfù ni ó bí àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọba kan tí ó lè pàṣẹ fún ẹ̀fúùfù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀fúùfù bá lórí ilẹ̀ nígbà tí ó dé, ìbáà ṣe erùpẹ̀ ìhòòhò, ìbáà ṣe koríko gbígbẹ tí ó ga dé àyà, ọwọ́ ènìyàn ni ó wà.

Ilẹ̀ tí kò ní ibi ìsádi

Ọ̀dàn ńlá tí ó wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Kánádà ní àríwá, ó sì gùn títí wọ Texas ní gúúsù. Àwọn òkè Rocky tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni ó ń gba òjò mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé ìkùukùu tí ó bá ti inú òkun Pàsífíìkì wá a máa tú omi rẹ̀ dà sára òkè, nígbà tí afẹ́fẹ́ yóò bá sì fi sọ̀kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ti gbẹ. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń gbóná, bí ó sì ti ń gbóná ni òùngbẹ omi ń gbẹ ẹ́ sí i.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣàlàyé pé láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin ni ewu náà pọ̀ jù lọ. Yìnyín ti pa koríko ọdún tí ó kọjá, tuntun kò sì tíì hù. Òòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràn gidigidi, bẹ́ẹ̀ ni ìjì ńláńlá tí ń rékọjá láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn kò tíì dáwọ́ dúró. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè wálẹ̀ dé ìdá 10 nínú 100 tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀ pàápàá, tí ẹ̀fúùfù yóò sì máa sáré 60 máìlì ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá ti gbé Ìgbẹ́tì tàbí Ṣakí lásìkò ọyẹ́, tí ètè rẹ̀ ti là, tí ó sì ti rí màjàlà tí ń fò wọ àgbàlá láti inú pápá tí ń jó, yóò mọ díẹ̀ nínú bí ọjọ́ náà ṣe ń rí lára. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé eruku ọyẹ́ wa ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, àlejò ni, kò sí ẹni tí ó lè bá àgbẹ̀ Ṣakí wí nítorí rẹ̀; eruku ti Kansas, láti inú oko Kansas àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń dìde.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa kì í ṣe ìdáǹdè fún àwọn ará ọ̀dàn, nítorí pé òjò ìgbà ooru wọn, èyí tí ó mú inú darandaran dùn, ni ó ń mú kí koríko ga, koríko gíga náà ni yóò sì gbẹ ní ìgbà òtútù tí yóò di ohun tí iná ń retí. Ọ̀dá bí eruku, òjò bọ́ iná. Ibi tí ó bá kọjú sí, ewu ni.

Nígbà tí wọ́n fá ilẹ̀ lórí

Ilẹ̀, ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ni àwọn baba wa ń kì í, nítorí wọ́n gbà pé ọkọ́ ni ilẹ̀ fi ń ya irun orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ya irun fún àti ẹni tí a fi abẹ fá lórí kodoro kì í ṣe ọgbọọgba lábẹ́ òòrùn.

Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, koríko ni irun orí ọ̀dàn náà. Gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ jìn ju bí ewé rẹ̀ ṣe ga lọ, ó di erùpẹ̀ mú ṣinṣin, ó sì ń pa ọ̀rinrin mọ́ de ìgbà ọ̀dá. Ẹfọ̀n ń jẹ ẹ́ ní agbo-agbo, àwọn Comanche, Kiowa àti Cheyenne sì ń tọ àwọn ẹfọ̀n náà lẹ́yìn. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sí òpin, àwọn ọdẹ ti pa ẹfọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìjọba sì ti fi ogun àti ipá lé àwọn onílẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n há wọn mọ́.

Òfin ọdún 1862 ti fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbé orí ilẹ̀ tí ó sì lè dá oko níbẹ̀ ní 160 éékà. Ní 1909, wọ́n sọ ọ́ di 320 éékà fún àwọn ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn tí ń ta ilẹ̀ ń fi ọkàn àwọn àgbẹ̀ balẹ̀ pé ibi tí a bá ti túlẹ̀, òjò yóò tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní sì gbé owó àlìkámà gorí òkè, katakata dé, àwọn àgbẹ̀ sì fi í túlẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n tan fìtílà rẹ̀ wọ́n túlẹ̀ lóru.

Nígbà tí owó àlìkámà wálẹ̀, kàkà kí wọ́n dín ìtúlẹ̀ kù, ńṣe ni wọ́n fi kún un kí wọ́n lè rí gbèsè san. Ní 1931, òjò kọ̀, irúgbìn kò hù, àwọn kan sì fi oko sílẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí a ti fá lórí náà wà níbẹ̀, kò ní koríko, kò ní àlìkámà, ó ń retí ẹ̀fúùfù.

Ọjọ́ Àìkú tí ó ṣókùnkùn

Ẹ̀fúùfù kò sì pẹ́ kí ó tó dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1934, ìjì kan gbé erùpẹ̀ láti ọ̀dàn náà kọjá Chicago, ó gbé e dé New York àti Washington, ó sì dà á sórí ọkọ̀ ojú omi tí ó wà lójú òkun Atlantic. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà, eérú tọ ẹni tí ó dà á, ó sì tọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Èyí tí wọ́n kò lè gbàgbé láéláé ni ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1935. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú náà mọ́ rekete, àwọn ènìyàn ṣí fèrèsé, wọ́n sá aṣọ, wọ́n sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ògiri dúdú kan yọ láti àríwá, ó ga kan sánmà, àwọn ẹyẹ ń fò níwájú rẹ̀ láìdúró. Nígbà tí ó sì bo ìlú Dodge City ní Kansas àti Boise City ní Oklahoma mọ́lẹ̀, ẹni tí ó na ọwọ́ síwájú kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Láti àkókò náà ni ayé ti mọ àdúgbò ọ̀hún sí Dust Bowl.

Bí àwọn ìyàwó ilé ṣe gbé ìgbà náà yẹ kí a rántí. Wọn a rẹ aṣọ ìbùsùn sínú omi, wọn a fi í kọ́ fèrèsé; wọn a da ojú àwo dé orí tábìlì títí oúnjẹ yóò fi jinná, nítorí pé àwo tí a bá ṣí sílẹ̀ yóò kún fún erùpẹ̀ kí a tó bù sí i; wọn a fi ọ̀rá pa ihò imú àwọn ọmọ. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí eruku ń họ ara wọn nínú rẹ̀ a máa bí iná mànàmáná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò a fi kú lójú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ sì kọ́ láti so ẹ̀wọ̀n irin mọ́ ìdí ọkọ̀ kí ó máa wọ́ nílẹ̀, kí iná náà lè rí ọ̀nà wọlẹ̀ lọ.

Eruku wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó pa ọmọdé, ó pa arúgbó. Nígbà tí yóò fi di 1940, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ènìyàn ti fi àwọn ìpínlẹ̀ ọ̀dàn sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn tàwọn ti ibùsùn tí wọ́n dì sórí ọkọ̀.

Inú ìpọ́njú náà ni ọgbọ́n ti jáde. Hugh Hammond Bennett, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó ti ń pariwo láti ọdún pípẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣàn lọ, rí etí tí yóò gbọ́ tirẹ̀ nígbẹ̀yìn: ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1935, àbá tí ó dá àjọ ìtọ́jú ilẹ̀ sílẹ̀ di òfin. Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ pé kí wọ́n gbin igi ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láti North Dakota títí dé Texas láti fi dá ẹ̀fúùfù lẹ́kun, nígbà tí yóò sì fi di 1942, igi tí wọ́n gbìn ti lé ní 200 mílíọ̀nù.

Iná tí ó yí ẹ̀gbẹ́ padà

Bí a bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí iná pápá ń gbà ṣọṣẹ́, kí a wo èyí tí wọ́n ń pè ní Smokehouse Creek. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2024, nítòsí ìlú kékeré Stinnett ní àríwá Texas, òpó iná mànàmáná kan tí ó ti jẹrà wó, wáyà rẹ̀ sì kan koríko gbígbẹ. Kí iná náà tó kú, ó ti jó ilẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan éékà, ó ti wọ Oklahoma, ó ti gba ẹ̀mí ènìyàn méjì, ó sì ti di iná tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn Texas.

Àwọn panápaná sọ pé kì í ṣe ọjọ́ kìíní iná ni ó ń bani lẹ́rù jù. Ẹ̀fúùfù láti ìwọ̀-oòrùn ni ó kọ́kọ́ ń tì í, iná a sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìhà ìlà-oòrùn, orí rẹ̀ kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn ní ọ̀pọ̀ ibùsọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù yóò dé láti àríwá lójijì, ẹ̀gbẹ́ gígùn náà ni yóò sì di orí. Ẹni tí ó rò pé iná ti kọjá lọ́dọ̀ òun yóò ṣàdédé rí i pé ògiri iná kan kọjú sí òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ọjọ́ kejì.

Àríwá Texas yìí ni ibùjókòó ẹran màlúù ìpínlẹ̀ náà. Àwọn darandaran gé wáyà ọgbà kí ẹran lè sá, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù ni kò rí ibi sá sí. Àwọn mìíràn là á já pẹ̀lú pátákò tí ó ti jó àti ọmú tí ó ti bó, tí ọmọ wọn kò lè mu mọ́. Olówó wọn, ẹni tí ó mọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ó gbé ìbọn láti fi òpin sí ìrora wọn. Darandaran a máa sọ pé ilé ṣeé tún kọ́, ṣùgbọ́n agbo tí baba rẹ̀ fi ọdún pípẹ́ yàn, tí òun náà sì yàn lé e lórí, owó kò lè rà á padà lọ́jà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn panápaná ìlú kéékèèké wọ̀nyí jẹ́ afínúfíndọ̀, àgbẹ̀ àti olùkọ́ àti onímẹkáníìkì tí kò gba kọ́bọ̀, tí wọ́n ń lọ pa iná oko ẹlòmíràn láìmọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí tiwọn. Lẹ́yìn iná náà, àwọn àgbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ jíjìnnà kó koríko gbígbẹ sórí tírélà, wọ́n wà á wá fún àwọn tí wọn kò mọ̀ rí, nítorí pé màlúù tí ó bá yè kò ní ohun tí yóò jẹ mọ́.

Iná tí ń gba ilẹ̀ là

Iná Smokehouse Creek kò dá wà. Ní 2006, iná jó àdúgbò Amarillo ní Texas. Ní 2016 àti 2017, ó jó Oklahoma àti Kansas. Oṣù Kẹta ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ni ohun tí ó fà á tí iná ńlá fi ń dé léraléra bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ń bá àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná wí pé wọn kò tọ́jú òpó wọn, ẹ̀sùn náà kò sì ṣàìní ìdí. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń tọ́ka sí ayé tí ń gbóná sí i, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó bá gbóná a máa fa omi jáde lára koríko àti ilẹ̀ kíákíá. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa koríko àti àwọn àgbà darandaran fi ìdí kẹta kún un, òun ni mo sì rò pé ó yẹ kí a tẹ́tí sí jù. Wọ́n ní àwọn ọmọ onílẹ̀ àtijọ́ a máa fi ọwọ́ ara wọn tiná bọ ọ̀dàn ní àkókò tí ó tọ́, kí koríko tútù lè hù, kí ẹfọ̀n sì lè wá jẹ. Àwọn tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ka gbogbo iná sí ọ̀tá, wọ́n ń pa á níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i. Láìpẹ́, igi kédárì pupa, tí iná kéékèèké ti máa ń pa nígbà tí ó wà ní kékeré, tàn káàkiri Oklahoma. Igi náà kún fún òróró, nígbà tí iná ńlá bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ńṣe ni ó ń gbiná láti ìdí dé orí, tí ẹ̀ṣẹ́ná rẹ̀ ń fò lọ tan iná mìíràn níwájú.

Ní àwọn òkè Flint Hills ní Kansas, àwọn darandaran kò fi àṣà ìkungbó sílẹ̀. Nígbà ìrúwé, wọ́n ń wo ẹ̀fúùfù, wọ́n ń pe aládùúgbò, wọ́n ń dúró ti iná pẹ̀lú omi àti irin iṣẹ́, wọ́n sì ń jó ilẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀dàn Konza, nítòsí ìlú Manhattan ní Kansas kan náà, àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé ibi tí wọn kò bá jó ni igbó ń gbà lọ́wọ́ koríko. Ní ilẹ̀ àwọn Osage ní Oklahoma, nítòsí Pawhuska, wọ́n ti dá ẹfọ̀n padà sórí ọ̀dàn, wọ́n ń jó apá kan lọ́dún yìí, apá mìíràn lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹfọ̀n ń tẹ̀lé koríko tútù, ibi tí ó sì ti jẹ kò ní ohun púpọ̀ tí iná yóò rí jó.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Àwọn ará ìlú tí èéfín ń dé ọ̀dọ̀ wọn ń ráhùn, onílẹ̀ ń bẹ̀rù pé bí iná òun bá sá wọ oko ẹlòmíràn, ilé ẹjọ́ ni yóò parí sí. Ẹ̀rù tí ó yé ni ni, èéfín náà kì í sì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n iná tí a bá yan ọjọ́ fún kò lè burú tó iná tí ó bá yan ọjọ́ fúnra rẹ̀.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Lónìí, àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà lè kìlọ̀ fún àwọn ará ọ̀dàn ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú pé ẹ̀fúùfù búburú ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tanná níta. Ìkìlọ̀ náà dára, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ohun tí a lè ṣe fún ilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta kò pọ̀. Iṣẹ́ gidi, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ni, iṣẹ́ ogún ọdún ni.

Láti 1985, ìjọba ti ń san owó fún àwọn àgbẹ̀ tí ó bá fi ilẹ̀ tí kò lágbára sílẹ̀ kí koríko lè hù lórí rẹ̀ padà. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ọkà bá ti gbówó lórí, ọwọ́ a tún máa yún àwọn kan láti túlẹ̀ náà. Omi abẹ́ ilẹ̀ Ogallala, tí àwọn àgbẹ̀ ń fà sókè láti fi bomi rin oko ní àdúgbò kan náà, ń lọ sílẹ̀ sí i. Níbi tí ó bá ti gbẹ, oko tí kò bá ní koríko yóò tún di erùpẹ̀ ìhòòhò. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni eruku: ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, erùpẹ̀ láti inú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túlẹ̀ ní Illinois bo ojú ọ̀nà márosẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ kú níbẹ̀ pẹ̀lú.

Koríko ni oògùn àwọn méjèèjì. Ibi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ jù fún ọkọ́, kí wọ́n fi koríko sílẹ̀ lórí rẹ̀, eruku kò ní rí nǹkan gbé. Ibi tí koríko bá sì wà, kí ẹran jẹ ẹ́, kí iná kékeré jó o lásìkò, iná ńlá kò ní rí nǹkan jẹ. Èyí ń béèrè pé kí ìjọba san owó náà láìdáwọ́ dúró bí ọjà bá tilẹ̀ dára, kí òfin dáàbò bo onílẹ̀ tí ó fi ìṣọ́ra jó pápá rẹ̀, kí àwọn tí ó ní òpó iná mànàmáná máa pààrọ̀ èyí tí ó bá jẹrà kí ẹ̀fúùfù tó wó o, kí wọ́n sì fi àwọn ọmọ onílẹ̀, tí ó mọ iná yìí kí ẹnikẹ́ni tó dé, sí ipò olùkọ́.

Iná èsìsì kì í jó ni lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dàn ti kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nípa eruku ní 1935, ó sì ti kọ́ wọn nípa iná ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti 2006. Ẹ̀kọ́ náà ti pé, a sì ti fi ẹ̀mí ènìyàn san owó rẹ̀. Oṣù Kẹta mìíràn ń bọ̀, ẹ̀fúùfù yóò sì fẹ́. Ohun tí yóò bá nílẹ̀, ọwọ́ àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà àti àwọn tí ń ṣòfin lé e lórí ni ó wà, kò sì sí ẹni tí yóò lè sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé wọn kò sọ fún òun.